Ẹ Má Tíì Gbàdúrà fún Alhaji Rùfáì

Èmi ò fẹ́ràn ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní career day. Mo sọ ọ́ fún Mummy Proprietress, obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kétu, mo sì tún un sọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ti tíṣà Yorùbá? Dókítà kan ló wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Gbogbo ọ̀sán ló fi ṣàlàyé bí òun ṣe ra mọ́tò òun. Lóyà tó tẹ̀lé e ń bá àwọn ọmọ jà pé wọn ò pàtẹ́wọ́ dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí Mummy sọ pé oníròyìn ló kàn lọ́dún 2002, mo kàn mirí ni. Mo ní a ó tún gbọ́ ìtàn mọ́tò.

Mo ṣì í. Ọkùnrin tó wọlé ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Uncle Bartholomew Adékọ̀yà. Bí ẹ bá gbé Èkó láyé ìgbà náà, ẹ ò lè ní ẹ ò mọ ohùn rẹ̀. Ohùn yẹn ló ń jí wa láàárọ̀, òun ló ń sọ ẹni tó kú fún wa, ẹni tó wọlé ìbò, àti ibi tí epo bẹntiróòlù wà. Bàbá mi kì í gba ìròyìn kankan gbọ́ títí Bartholomew á fi kà á. Uncle ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ń gbé inú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ rédíò tó ti ṣiṣẹ́ ṣì máa ń pè é bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú. Èèyàn kékeré báyìí ni. Àwọn ọmọ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹni tó ni ohùn náà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́tò. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù: Ìròyìn ò tó àfojúbà.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ó ní, “láti kékeré lẹ ti ń gbọ́ òwe yìí, ẹ rò pé òwe lásán ni. Òun ni gbogbo iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe journalism nínú yín, ohùn dídùn kọ́ ló ṣe kókó, big grammar kọ́ sì ni. Ìbéèrè ni. Wọ́n ní ilé wó, ta ló rí i? Wọ́n ní èèyàn kú, ta ló rí òkú? Ẹnìkan ò tó o. Ó kéré tán, wá ẹni méjì. Bí o ò bá rí ẹni méjì, pa ẹnu ẹ dé. Jẹ́ kí station kejì gbé e ṣáájú ẹ. Kí wọ́n ṣáájú ẹ ò burú. Kí o ṣìnà ló burú.”

Mo rọra jókòó dáadáa lórí àga mi. Ọ̀rọ̀ gidi lèyí.

Labeebah nawọ́ sókè. Bí òun náà kò bá nawọ́, ẹ̀rù ì bá bà mí. Ọmọ SS2 ni, òun ló ń ka ìròyìn fún wa lórí ìlà ní gbogbo Mọ́ńdè, ó sì ń kà á bíi pé gbogbo Nàìjíríà ló ń gbọ́. Iṣẹ́ rédíò ń wu ọmọ náà dé egungun. Alhaji Rùfáì, olórí àwọn tó ń ta tòmátì àti ata ní ọjà Mile 12, ni bàbá rẹ̀. Suwebat, ìyá rẹ̀, náà ń ta ata rodo níbẹ̀. Bàbá ò fẹ́ iṣẹ́ yìí fún un rárá. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń fi rédíò pa.

“Sà,” Labeebah béèrè, “bí ẹni méjì bá sọ ọ́ fún mi, tó wá jẹ́ pé ẹnu ẹnìkan náà ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ ńkọ́?”

Uncle Bartholomew rẹ́rìn-ín. “Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n nìyẹn. Kí lorúkọ ẹ?”

“Labeebah Rùfáì, sà.”

“Ti Alhaji Rùfáì ti Mile 12? Mo mọ daddy ẹ dáadáa. Mo fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lọ́dún tí omi ya wọ ọjà. Wọ́n bá mi jà, wọ́n ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù. Àṣé ẹni tó ń béèrè bíi tèmi wà nílé wọn.”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Inú Labeebah dùn débi pé ó gbàgbé láti jókòó.

Ètò wa ni pé bí aago kan bá lù, a ó tan rédíò ńlá Mummy tó wà lórí tábìlì, gbogbo wa á gbọ́ ìròyìn ọ̀sán, Uncle á sì máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tò ó. Kò pẹ́ mọ́ tí aago kan máa lù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ẹni tó bá ní i kì í pa á. Ó wo ojú rẹ̀, ó na ìka sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n dákẹ́. “Newsroom ni,” ó ní. “Olújìmí ni, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ máa wò ó, ẹ máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.”

A ń wò ó lóòótọ́.

“Olújìmí, how far? ... Háà.” Ojú rẹ̀ yí padà. “Háà, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn o. Èèyàn gidi ni. Èèyàn gidi ni wọ́n. Ọlọ́run á tu ẹbí nínú. Ó dáa, ó dáa.” Ó pa fóònù.

Kò ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí mo jókòó sí, ó tẹ̀ba sí etí mi.

“Aunty Edith, bàbá ọmọ yẹn ti kú.”

“Ọmọ wo?”

“Labeebah. Láàárọ̀ yìí ni. Wọ́n máa kà á ní aago kan.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, “Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn.” Ẹnu mi ló sọ ọ́, ọkàn mi ò tíì débẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí èèyàn bá sọ fún ọ pé ẹnìkan kú, àdúrà ló kàn. Ta ló jẹ́ bi í pé ṣé ó dá a lójú? Wọ́n á ní ilé tí o ti jáde wá ò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, tàbí kí wọ́n ní ìwọ náà mọ nǹkan nípa ikú ọ̀hún. Mo gbàdúrà tán kí ẹ̀rù tó bà mí. Nígbà tí ẹ̀rù náà dé, rédíò ni mo kọ́kọ́ wò.

A kì í túfọ̀ fún ọmọ láàárín èrò. Ẹbí rẹ̀ ni yóò wá mú un. Wọ́n á ní ara bàbá rẹ̀ ò yá díẹ̀, wọ́n á mú un délé, àgbà á jókòó tì í, omi á wà nítòsí, nígbà náà ni wọn á tó la ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Kí ọmọ gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ lẹ́nu rédíò, lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, nínú ìròyìn tí a ní kó wá fi kọ́ṣẹ́, Ọlọ́run má jẹ́ kí á rí i. Mo lọ sídìí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ tún aṣọ rẹ̀ ṣe, mo yọ gbogbo bátìrì rédíò náà, mo dà wọ́n sínú báàgì mi. Iná ìjọba ti lọ láti àárọ̀. Mo ní ó tán.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún Mummy Proprietress. Òun náà gbàdúrà tirẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, á ní kó lọ dúró tìdí ẹ̀rọ omi, ṣe gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù tí a fi pamọ́ fún àlejò, ó gbé e tọ Labeebah lọ. Ó jókòó tì í. Ó ń fi ọwọ́ pa á lórí. Ó ní, “My daughter, máa mu ún. Olúwa ò ní fi ẹ́ sílẹ̀.”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fa Mummy láṣọ. Uncle Bartholomew ti padà sórí pèpéle, ó ń sọ̀rọ̀ nípa gbohùngbohùn. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Labeebah wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Mummy. Ó wo rédíò tí kò sọ̀rọ̀, ó wo èmi náà. Ọmọ Yorùbá ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n á ṣàdédé máa kẹ́ láàárín ọ̀sán tí àyà rẹ̀ kò ní já. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀, kò ṣí i, ó dìde.

“Sà, àdúrà tí ẹ gbà lórí fóònù yẹn, ṣé bàbá mi lẹ gbà á fún?”

“Jókòó, ọmọ mi,” Uncle Bartholomew ní. “Ara daddy ẹ ò yá díẹ̀ ni.”

Mo di ojú mi. Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́. Ó yẹ kí Labeebah náà ṣubú lulẹ̀ kó máa ké. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Ta ló rí wọn, sà?”

“Ọmọ mi...”

“Ẹ ní ẹnìkan ò tó. Ta ló rí bàbá mi?”

“Newsroom ló pè mí.”

“Ta ló sọ fún newsroom?”

“Ẹnìkan pè wọ́n láti ọjà. Wọ́n sì ti rí ẹni...” Mo ń wo ojú rẹ̀, mo sì rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá a.

“Ta ni ẹnìkejì, sà?” Labeebah ní. Omi ti ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yẹ̀.

Uncle Bartholomew wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó wo bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Olújìmí bi mí pé ṣé mo ti gbọ́ pé Alhaji Rùfáì kú,” ó ní. “Mi ò bi í ní nǹkankan. Mo gbàdúrà. Ó ní òun dúpẹ́.” Ó jókòó sórí àga tó wà nítòsí. “Èmi ni ẹnìkejì.”

Ní ogójì ọdún tí mo ti wà láyé nígbà yẹn, mi ò tíì rí ojú àgbàlagbà kó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò wá bíi pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa.

“Ẹ yá mi ní fóònù yín, sà,” Labeebah ní.

Ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Abdulmujeeb, tó wà nílé wọn ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo súnmọ́ ọn, mo dì í mú ní apá, kó má baà ṣubú. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n náà ń sọ.

“Bro Mujeeb, Daddy dà?”

“Wọ́n ń sùn.”

Mo ní ó ti parí, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọ nìyẹn.

“Jí wọn.”

“Labeebah, dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀.”

“Mo ní kí o jí wọn. Gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn wọn, mi ò ní gbé fóònù yìí sílẹ̀.”

A dúró. Mummy Proprietress ti dìde, ó ń gbàdúrà mìíràn lábẹ́ eyín, mo sì rò ó pé obìnrin yìí ì bá jọ̀ọ́ sinmi àdúrà díẹ̀. Ohùn kan wá jáde nínú fóònù, ó wú, kò já geere.

“Ta ni?”

“Daddy, ẹ pe oríkì mi.”

“Àníkẹ́. Kí ló ń ṣe ẹ́? Wọ́n yọ eyín mi láàárọ̀ yìí, òwú ló kún ẹnu mi. Ṣé wọ́n nà ẹ́ ní school ni?”

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, fóònù wà létí rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń béèrè tíṣà tó nà án.

Ẹ̀yìn náà la tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Eyín ti ń dà Alhaji láàmú fún ìgbà pípẹ́, ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ yọ ọ́, ó ń sá fún dókítà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ìyàwó ti lọ sápá kejì ọjà láti gba ẹrù tírélà, ìrora náà bá a nídìí ìsọ̀ tirẹ̀. Àwọn aláàárù rí i tí wọ́n dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì wọ mọ́tò, aṣọ bò ó lẹ́nu. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì. Ẹnìkan kọjá ní Alápẹ̀rẹ̀, ó rí àwọn àfáà tí wọ́n ń wọ ilé náà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn àfáà ń wá ṣàdúrà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun rí àfáà. Ẹni tó gbọ́ ọ ní, “Ìnnálílláì.” Ẹni tó gbọ́ ìnnálílláì tirẹ̀ ní Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kò sí ẹni tó rí òkú. Àdúrà ẹnìkan ni ẹ̀rí ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbàdúrà fún Alhaji Rùfáì títí tó fi kú.

Uncle Bartholomew gba fóònù, ó pe Olújìmí. Olújìmí ti pa tirẹ̀, ó ti wọ sítúdíò. Ó pe ẹlòmíràn. Network ò gbà. Ó tún pè, ó ń rìn lórí pèpéle, ó ń gbé fóònù sókè bíi pé ọ̀run ni network wà. Mo wo aago ọwọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣí báàgì, mo dá bátìrì padà sínú rédíò, nítorí a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹnìkan ti dá a dúró.

Kò sí ẹni tó dá a dúró. Òun ni wọ́n fi ṣíde.

“Olórí àwọn oníṣòwò tòmátì àti ata ní ọjà Mile 12, Alhaji Rùfáì, ti jáde láyé. Àgbà oníròyìn, Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew Adékọ̀yà, tó mọ olóògbé náà dáadáa, ló fìdí ìròyìn yìí múlẹ̀ fún wa. Ó ní èèyàn gidi ni olóògbé náà, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tu ẹbí nínú.”

Gbogbo ojú yí sí i. Ọkùnrin tí Èkó gbà gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí irọ́, níwájú ọmọ ẹni tí wọ́n fẹnu pa. Ó kàn ń na ọwọ́ sí rédíò náà, bíi pé ó ṣeé mú.

Labeebah gbé orí sókè. “Mummy mi,” ó ní.

Ibẹ̀ ni gbogbo wa tó rántí. Suwebat wà lọ́jà, kò ní fóònù, ní aago kan ọ̀sán kò sì sí ìsọ̀ kan ní Mile 12 tí rédíò kì í sọ̀rọ̀.

Mummy Proprietress fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò. Èmi àti Labeebah wà lẹ́yìn, Uncle Bartholomew jókòó síwájú, kò tilẹ̀ rántí bélítì. Labeebah ń pariwo sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù: “Gbé Daddy wá sọ́jà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lè dìde. Gbé wọn wá.” Kétu sí Mile 12 kò jìnnà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rin ìrìn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

A gbọ́ ẹkún kí a tó rí àwọn tó ń sun ún. Suwebat jókòó sórí ilẹ̀ lásán láàárín ata tó dà sílẹ̀. Wọ́n ti tú gèlè orí rẹ̀, wọ́n ti bọ́ yẹtí létí rẹ̀, àwọn obìnrin dì í mú káàkiri. Kò pariwo. Ó ń wo iwájú nìkan, èyí ló sì bà mí lẹ́rù jù. Labeebah já wọ àárín wọn, ó kúnlẹ̀.

“Mummy, Daddy ò kú. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Daddy ò kú.”

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. “Wọ́n ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, àbí?” ó ní. “O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti gbọ́ ọ, rédíò ti kà á.”

“Mummy, mi ò purọ́!”

“Ẹ jẹ́ kó sunkún,” ni obìnrin kan wí lẹ́yìn mi. “Ẹ má tan ọmọ jẹ báyìí, kò dáa.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ò sí. Bí a bá ní kò kú, ohun tí wọ́n ń sọ bí èèyàn bá kú nìyẹn. Ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi ń rọ ikú lójú ti di ògiri láàárín wa àti obìnrin yìí.

Uncle Bartholomew bọ́ síwájú. “Ẹ gbọ́ mi,” ó ní. “Èmi ni Bartholomew Adékọ̀yà. Alhaji Rùfáì wà láàyè.”

Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́. Gbogbo wọn ló mọ ohùn náà. Ìyá àgbà kan tó ń ta tàtàṣé wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

“Ẹ̀yin náà lẹ ní wọ́n kú,” ìyá náà ní. “Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ nínú rédíò? Èwo ni ká wá gbà nínú méjèèjì?”

Ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ jẹun dúró láàárín ata, kò rí ọ̀kan sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì tún fẹ́ gbá a létí.

Ariwo ni a tún gbọ́ lápá ibi tí mọ́tò ń wọlé, ṣùgbọ́n ariwo yìí yàtọ̀. Àwọn èèyàn ń sá. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ń dojú dé, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ní ká má tan ọmọ jẹ fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀. “Àkúdàáyà o!” ni wọ́n ń ké. Nígbà tí mo rí ẹni tó ń bọ̀, èmi náà tẹ ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Abdulmujeeb di bàbá rẹ̀ lápá mú. Aṣọ ńlá funfun ló wọ̀, dókítà eyín sì ti fi aṣọ funfun mìíràn di àgbọ̀n rẹ̀, ó gbé e yí orí ká, ó so ó lókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹnu òkú kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ọjà sá. Suwebat ò sá. Ó dìde nílẹ̀, ata lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, ó rìn lọ bá a, ó dúró níwájú rẹ̀.

“Ẹ tú u,” ó ní.

Alhaji tú aṣọ náà.

“Ẹ ya ẹnu.”

Ó ya ẹnu. Ó fa òwú jáde. Suwebat tẹ ọrùn síwájú, ó wo inú ẹnu ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo Mile 12, ó wo ojú eyín tó ṣófo tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

“Láti Iléyá,” ó ní, “láti Iléyá ni mo ti ní kí ẹ lọ yọ ọ́.” Ó wá gbé orí lé e láyà, ó bú sẹ́kún tí kò tíì sun tẹ́lẹ̀. Labeebah dì mọ́ àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ọjà padà díẹ̀díẹ̀, Alhaji rí Uncle Bartholomew tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ.

“Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbàdúrà fún mi.”

“Èmi ni, sà. Ẹ forí jì mí.”

“Àmín. Ẹ bá mi fi àdúrà náà pamọ́. Mo ṣì máa nílò rẹ̀.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Uncle Bartholomew ò rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ sí iléeṣẹ́ náà, ó ní òun fúnra òun lòun máa tún ìròyìn náà ṣe. Ó ka orúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun jẹ́rìí sí ohun tí òun ò rí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ló bi òun ní ìbéèrè tó yẹ kí òun bi ẹlòmíràn. Bàbá mi gbọ́ ọ, ó pa rédíò, ó lọ sùn.

Ìgbà ìsinmi gígùn, Uncle Bartholomew wá mú Labeebah lọ sí yàrá ìròyìn. Alhaji ló gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún máa kéde òun lọ́jọ́ mìíràn, kí ọmọ òun wà níbẹ̀ láti wò ó dáadáa. Ibẹ̀ náà ni Labeebah padà sí nígbà tó jáde ní yunifásítì, Olújìmí sì di ọ̀gá rẹ̀.

Ní 2009, Mummy Proprietress pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń sunkún. Ó ní Uncle Bartholomew ti kú ní Ìkòsì. Àdúrà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo bi í pé ta ló rí wọn, inú bí i, ó ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Mo pe Labeebah. Ó ti gbọ́ náà. Mo ń gbọ́ ohùn Olújìmí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo pé station mìíràn ti gbé e, kí ló tún ń dúró dè. Labeebah ò dá a lóhùn. Kò gbàdúrà, kò sunkún. Ó ní, “Aunty Edith, mo ń lọ sí Ìkòsì.”

Mo jókòó sínú ilé, fóònù wà lórí itan mi. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ni, mo mọ̀ pé ó ti ń ṣàìsàn. Síbẹ̀ mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ọ̀rọ̀ eyín.

Fóònù dún.

“Aunty, mo dé ibẹ̀,” Labeebah ní. “Mo wọ yàrá, mo rí wọn. Ẹ lè gbàdúrà báyìí.”

A jọ gbà á lórí fóònù.